Oorun Tí Mo Sùn Níwájú Ọ̀gágun

Ilé Olùkọ́,
Omifunfun,
Lọ́nà Ore.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1996.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Olùkọ́,
Ore.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YỌ Ẹ̀SÙN ÀRÍFÍN KÚRÒ NÍNÚ FÁÌLÌ MI

1. Èmi ni olùkọ́ tó sùn nígbà tí ọ̀gágun tó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ wa ń bá wa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú lóṣù Agẹmọ. N kò jiyàn. Wọ́n ní mo tilẹ̀ hanrun. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ọ̀gágun fi sọ fún wa pé kí a fara da ìyà. Wákàtí kan péré ni mo fi sùn.

2. Àrùn ẹ̀dọ̀ ló ṣe mí lọ́dún tó kọjá. Báyọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lókè òkun, ló ra abẹ́rẹ́ tí ń bá kòkòrò àrùn náà jà ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún mi, fún oṣù mẹ́fà. Nítorí àìsí iná, inú kúlà la ń tọ́jú rẹ̀ sí, tí Àlájà Ìdáyátù, tó ń ta ẹja dídì ní Ore, ń bá mi fi yìnyín sí. Ẹ̀dọ̀ mi sàn.

3. Ṣùgbọ́n ara mi di ara ẹlòmíràn. Mo ń wọ súẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán. Ohùn mi ki bíi ti ọkùnrin, mo ń sanra láìjẹun, oorun sì ń gbé mi lórí ìdúró. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, ń bi àwọn olùkọ́ yòókù bóyá oyún ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí. Mo dúpẹ́ pé wọ́n ṣì ní ìrètí.

4. Lẹ́yìn oorun náà, wọ́n gba kíláàsì kẹfà lọ́wọ́ mi ní Ajue, wọ́n sì gbé mi wá sí Omifunfun yìí láìfún mi ní kíláàsì, pé mo rí ìjọba fín. Oṣù tó kọjá ni Dókítà Sàídù fọwọ́ kan ọrùn mi, tó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, ó ní: "Ìyá, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Abẹ́rẹ́ tó wo ẹ̀dọ̀ yín sàn ló kó bá nǹkan kékeré tó wà nínú ọrùn yín, èyí tí ń mú kí ara ṣiṣẹ́ déédéé." Mo sunkún níwájú rẹ̀. Èmi náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ̀lẹ ni mí.

5. Mo ti ń lo oògùn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gágun kan náà lórí rédíò dé òpin. N kò sùn. Ọkọ mi, tí ara rẹ̀ le koko, ló sùn.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ẹ̀sùn náà kúrò, kí ẹ sì dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kí ìdánwò wọn tó dé. Ìwé ìtọrọ àforíjì tí ẹ ní kí n fọwọ́ sí wà nínú àpòòwé yìí. N kò fọwọ́ sí i. Bébà ti tán ní ọsibítù, ẹ̀yìn ìwé náà ni Dókítà Sàídù kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà kí ẹ tó kà á.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á débí.

Èmi ni tiyín, lójúfò,

Adédoyin Fọlárìn (Ìyáàfin),
Olùkọ́ tí kò ní kíláàsì.