Ògiri Tó Gbé Ohùn Bàbá Wá

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ọ̀hún ò ti pọ̀ jù? A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá náà sì ti rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú Ìyá àti Bàbá lọ wo àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n máa ń mú àlejò wò. Afinimọ̀nà wa mú wa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta kan tí ògiri rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ó ní téèyàn bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ògiri lápá kan, ẹni tó wà lápá kejì á gbọ́. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ìyá lọ gbé etí lé ògiri lọ́hùn-ún. Bàbá, tí a ò gbọ́ ohùn wọn látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, dojú kọ ògiri lọ́dọ̀ mi. Ètè wọn ń mì. Èmi tí mo dì wọ́n mú ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí Ìyá ṣe figbe ta:

"Bàbá yín sọ̀rọ̀ o! Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn, ká máa lọlé!"

Ara mi bù máṣọ. Ìyá gbé ẹnu sún mọ́ ògiri: "Olówó orí mi, mo ti gbọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn.

Bọ̀dá mi, ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí: ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú Bàbá. Tí ẹ bá pè, ẹ má ní ká gba fóònù lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, ẹ tẹ́tí dáadáa. Orúkọ yín ni wọ́n ń fi ètè pè láràárọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn láyé.

Èmi àbúrò yín obìnrin.