Ìbọn tó Wà Lára Ògiri ní Ikpinlè

Ilé Àǹtí Oyèfúnkẹ́,
Adja-Ouèrè.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òdìkejì bodè. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ṣé Akínbáyọ̀ àbúrò mi ń jẹun dáadáa? Ara tèmi náà le, àfi etí òsì mi tó ń hó ṣáá bí epo tó wà lórí iná. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún Akínbáyọ̀ ní lẹ́tà yìí kó kà á fún yín. Ẹ fúnra yín kà á, bó bá tilẹ̀ máa pẹ́ yín.

Ìròyìn lè ti dé Ìmẹ̀kọ ṣáájú lẹ́tà yìí, torí àwọn tó ń ra àgbàdo lọ́dọ̀ wa níbí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Wọ́n á ní ọmọ yín yìnbọn fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú onílùú. Irọ́ ni, Bàbá. Mo fọwọ́ kan ìbọn, ìyẹn òótọ́. Ẹ ti ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láé. Ṣùgbọ́n mi ò yìn ín.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá kọ́ Faransé níbí nígbà tí mo sá kúrò nílé ìwé. Ẹ ò bi mí léèrè ohun tó lé mi. Ẹ kàn nà mí, ẹ rọ́ aṣọ mi sínú báàgì, ẹ gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà. Inú ṣì ń bí mi sí i, mo kọ ọ́ síbí kó má baà máa rà nínú mi. Nínú kíláàsì Mùsé Augustin, olùkọ́ wa, òfin kan ló wà: ẹni tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ewúrẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Sìnyáàlì ni wọ́n ń pè é. Bí kíláàsì bá parí tó ṣì wà lọ́rùn rẹ, pàṣán ni. Ẹ̀yìn mi mọ pàṣán náà ju tiyín lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Romaric ló ń tọ́jú egungun náà. Ọmọ Oko-Akarè ni, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣùgbọ́n tó bá ti rí mi báyìí, á fi Faransé ní, "Naijíríà, ẹnu rẹ ń rùn! Wá gba ẹ̀gbà ọrùn rẹ!" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbàdúrà pé kí eyín rẹ̀ re dànù tán. Ọlọ́run gbọ́ mi, ṣùgbọ́n eyín kọ́ ló mú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Mùsé kó wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Ikpinlè, ká lè máa fi Faransé dárúkọ ohun tí a bá rí. A gun sẹ́mì, àwọn ọ̀kadà ibí, a gba àárín oko ọ̀pẹ. Ilé ọdẹ kan tó ti kú ni. Bàbá Fábíyì, àbúrò olóògbé, ló to ẹrù àwọn baba wọn síbẹ̀: agbárí ẹfọ̀n, pàkúté onírin tí eyín rẹ̀ gùn bí ìka mi, ẹ̀wọ̀n ọrùn kan tó ti dípẹtà. Ìbọn ṣakabùlà wà lókè gbogbo wọn. Bàbá Fábíyì ní òun ti wọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, nítorí náà òun ò jẹ́ kí àwọn ọdẹ ṣe ìpà ọdẹ fún ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn ọdẹ bínú, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ìbọn ẹni tí àwọn ò tíì sin bí ọdẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó ṣe ti oko dé ni mo ṣe gbé e kọ́."

Àyà mi já. Awọ ṣì wà lójú ìbọn náà, okùn ṣì dì í. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹ̀tù la ń fi awọ bò kí òjò má pa á, pé a kì í wé awọ mọ́ ìbọn tó ṣófo. Mo wá bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn ní Faransé, mi ò rí i. Mo mọ "fizí," ìbọn nìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìbọn tó ní nǹkan nínú. Mo nawọ́ sókè. Mùsé ní kí n fi Faransé sọ ọ́ tàbí kí n panu mọ́, ó sì bá Bàbá Fábíyì jáde lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ epo lẹ́yìnkùlé.

Wọn ò tíì yí ẹ̀yìn tán tí Romaric fi já ìbọn náà lára ògiri. Ó tú awọ rẹ̀, ó jù ú nù, ó ní kí Grâce, ọmọ kíláàsì wa kan, fi fóònù ya òun. Mo pariwo pé, "Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀! Gbé e sílẹ̀, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀!" Yorùbá ni. Ojú rẹ̀ tàn bí ti ológbò tó rí eku. Egungun ewúrẹ́ yẹn ń mì lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tó so ó mọ́. Ó na ẹnu ìbọn sí àyà mi. "Naijíríà! Sìnyáàlì! Wí i ní Faransé, àbí kí n yìnbọn fún ọ!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, mo gbọ́ ọ, káká. Mo rántí ìgbà tí ẹ gbá mi létí ní kékeré, tí ẹ ní, "Ìbọn ò mọ ọmọ ẹni tó ni ín." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a sókè.

Ó dún. Èéfín bo gbogbo ilé. Ìdí irin tó ti gbó náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí èéfín là, Romaric ti jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìka mẹ́ta ti lọ. Èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń ṣe dirodiro. Ẹ̀jẹ̀ ta sí agbárí ẹfọ̀n, ó ta sí mi lẹ́nu, mo tọ́ ọ wò láìfẹ́. Mo tú ìborùn mi, mo fi di ọwọ́ rẹ̀ pinpin, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún ajá tí ìmàdò bá ya. Ó ń fi ọwọ́ tó kù gbá mi lójú, ó ń ké, "Yéè, ìyá mi o! Ẹ gbà mí o!" Yorùbá ni. Kò sẹ́ni tó fi egungun kọ́ ọ lọ́rùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹ̀gbọ́n Romaric ti dé ilé Àǹtí pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá. Wọ́n ti kọ́kọ́ lu Bàbá Fábíyì, apá rẹ̀ ti kán. Wọ́n fọ́ àwọn ìkòkò epo tí Àǹtí ń tà, epo ṣàn dé ojú títì. Grâce ti sọ fún wọn pé èmi ni mo já ìbọn gbà. Mùsé Augustin ní òun ò sí níbẹ̀. Wọ́n fi irun wọ́ mi dé ilé ìwòsàn kí Romaric fẹnu ara rẹ̀ wí i. Èyí tó dàgbà jù fi àdá lé mi lọ́rùn, irin náà tutù, ó bi Romaric pé, "Ṣé òun ni? Ṣáà ti mi orí." Mo rò ó pé ó ti parí. Romaric kórìíra mi, èmi náà kórìíra rẹ̀.

Kò mi orí. Ó di eyín pọ̀, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àdá kúrò. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Àǹtí ní kí n padà wá bá yín ní Ìmẹ̀kọ. Mi ò tíì fẹ́. Mùsé ránṣẹ́ pé kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Màá lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fi egungun kọ́ mi lọ́rùn mọ́, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n pa mí.

Kí irin má ṣe yí padà sí yín nínú igbó, Bàbá. Kí ẹ rí ẹran kí ẹran tó rí yín. Kí ẹsẹ̀ tó gbé yín lọ máa gbé yín bọ̀ wálé.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin tí inú ń bí, tó sì ń rántí yín,
Ìbídùn.

Àfikún: Ẹ yọ ẹ̀tù inú ìbọn yín kí ẹ tó gbé e kọ́. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún Romaric lánàá. Kò dúpẹ́, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Mo kàn bi í bí wọ́n ṣe ń pe ìbọn tó ní ẹ̀tù nínú ní Faransé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì, ó ní, "Ṣàjé."