Bí Ìbọn Abẹ́ Aṣọ Ṣe Fẹ́ẹ̀ Gba Nadine Lọ́wọ́ Mi

                                        214, Òpópónà Sawmill,
                                        Pruitt Gap,
                                        Tennessee.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje, ọdún 2019.

Twyla, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Dewey ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń tẹ̀ bó ṣe yẹ? Kendra àti ọmọ tuntun ńkọ́? Mo rí fọ́tò ọmọ náà. Imú bàbá wa ló gbé wá sáyé, a ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́, ẹ ṣáà máa pè é lọ́mọ arẹwà. Ara tèmi le. Ooru nìkan ló ń bá wa fínra níbí. Ó mú débi pé ajá mi kì í jáde lábẹ́ ilé mọ́ àfi tó bá gbọ́ ìró àwo oúnjẹ rẹ̀. Ilá ti ń so lẹ́yìn ilé, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń béèrè rẹ.

O ní kí n má sọ ọ́ lórí fóònù, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé tí mo bá ń sọ ọ́, wàá ti máa bá mi jiyàn kí n tó parí gbólóhùn. Òótọ́ lo sọ. Ó yá, jókòó, bu tíì tútù rẹ, kó o kà á. O fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ, nítorí ilé àwọn aláìsàn tó ò ń dá nìkan wọ̀ káàkiri oko lọ́hùn-ún, o sì fẹ́ mọ bó ṣe rí fún mi látìgbà tí mo ti gba tèmi. Mi ò ní dẹ́rù bà ọ́, mi ò sì ní tàn ọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, màá tún un ṣe. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ẹ̀ gba Nadine Ogle lọ́wọ́ mi, Nadine tá a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

O mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Iṣẹ́ ilé títà yìí, èmi nìkan ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn ilé òfo fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nílé àwọn Pardue lọ́dún tó kọjá, tó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí i padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé òfo, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n lórí kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ló mú mi lọ sí kíláàsì ìbọn tí Buford Treece ń kọ́ ní oṣù Kẹta. Treece kọ́ wa dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó tẹnu mọ́ jù ni pé ohun tá a fi pamọ́ gbọ́dọ̀ pamọ́. "Tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún yín bá mọ̀ pé ó wà lára yín," ó ní, "ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe pásítọ̀." O mọ̀ mí. Tí wọ́n bá fún mi ní ìlànà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ń tẹ̀ lé e.

Aṣọ lo máa kọ́kọ́ bá jà. Inú ṣòkòtò ni akọ̀ ìbọn náà ń wọ̀, ní ìbàdí mi ọ̀tún, torí náà gbogbo ṣòkòtò tí mo ní ló fún mi lójijì. Mo lọ ra èyí tó fi nọ́ńbà kan tóbi jù mí lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, mà, gbogbo wa là ń sanra." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Kéèkì ni, ọmọ mi." Gáùn mi olódòdó búlúù, èyí tí Vernon ọkọ mi fẹ́ràn kó tó kú, ti wà lórí ìkọ́ látìgbà náà, torí kò síbi tí bẹ́líìtì lè gbà lára rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ dáadáa ni mò ń wọ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì lè kì í bọ ṣòkòtò bó ti wù kí ooru mú tó.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí tí mo bá tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, ìdí ìbọn á ti ṣẹ́ẹ̀tì sókè lẹ́yìn mi bí igi tí wọ́n fi ti àgọ́. Bí ohun kan bá bọ́ lọ́wọ́ mi ní ilé ìtajà, ńṣe ni mo ń kúnlẹ̀ mú un, bí ìyàwó tuntun tó ń kí àna. Bí ohun tí mo fẹ́ rà bá wà lórí pẹpẹ òkè, mo máa ń dúró de ẹni tó ga. Nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta, ohun kan ṣoṣo ni màá sọ: má gbé e lé orí ohunkóhun. Jẹ́ kó wà nínú akọ̀ rẹ̀, nínú ṣòkòtò rẹ, kó o fọwọ́ dì í mú. Obìnrin kan ní kíláàsì wa gbé tiẹ̀ lé orí ibi tí wọ́n ń fi bébà sí ní ilé oúnjẹ kan, ó padà lọ jẹ ẹja àrọ̀ díndín rẹ̀ tán, ó délé kó tó rántí. Aludùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló bá a níbẹ̀. Wọn ò tíì máa kí ara wọn dáadáa títí di òní.

Ọtí ńkọ́? Rárá. Níbi ìgbéyàwó, omi ọsàn ni mò ń mu, àwọn èèyàn sì ti ń bi ara wọn bóyá dókítà ló sọ nǹkan kan fún mi. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìbọn yìí sọ mí di oníwà pẹ̀lẹ́. Ìwọ náà mọ ẹnu mi tẹ́lẹ̀, pàápàá tí mo bá wà nídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú nǹkan yẹn lára ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ariwo lójú títì, torí kò mọ ibi tó máa já sí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan já ààyè ìgbọ́kọ̀sí gbà mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú báǹkì, ó tún fi ọwọ́ bú mi. Mo ní, "Ẹ máa bínú, sà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé." Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Kí Vernon má jí gbọ́ ìyẹn.

Àwọn ibì kan sì wà tí o ò lè gbé e dé rárá. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹjọ́. Èyí tó ń yọ mí lẹ́nu jù ni ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ, òfin ò sì gba ìbọn láyè níbẹ̀, kódà nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Òdìkejì títì ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí, lójúde Hollis Weems tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Màá jókòó sínú ọkọ̀, màá rẹ èjìká sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́, màá ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí onírin kékeré tó wà lábẹ́ àga, màá wo ọ̀tún wo òsì, kí n tó sọdá. Tí mo bá padà, màá tún un ṣe. Gbogbo ìyẹn nítorí sítáǹbù kan.

Wàyí o, Nadine. O mọ bí Nadine ṣe ń dì mọ́ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á yí ọ ní ìbàdí, á fún ọ pọ̀, á tún gbé ọ sókè díẹ̀ tó bá wù ú. Látìgbà tí Vernon ti kú, ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń rí ìyẹn gbà, mi ò sì mọ iye tó tó sí mi títí tó fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo gbé ìbọn lọ, mo rí i pé ó ń bọ̀ pẹ̀lú apá rẹ̀ ṣíṣí, ọkàn mi sì sọ fún mi pé orí irin yìí gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ máa bà lé. Nadine tó ń sunkún tí ológbò bá pa ẹyẹ! Mo yí èjìká òsì sí i, mo fi ọwọ́ kan gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń gbọn eruku lára tìmùtìmù. Òun náà ò sì fún mi pọ̀. Ó le gbagidi. Ó ní, "Ó dáa, Lavonne," ó kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tún burú sí i. Nígbà tó yá, láti òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń juwọ́ sí mi. Ó kúrò lórí àga tá a jọ máa ń jókòó sí, ó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn ń fẹ́ sí òun lọ́rùn níbẹ̀. Nígbà tí tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo pè é. O rántí pé ilé ìdáná mi la ti máa ń se é sínú ìgò lọ́dọọdún, bí ìyá wa àti ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é.

"Tòmátì ti pọ́n o, Nadine."

"Mo rí i."

"Ṣé ká fi í sí Sátidé?"

"Ọwọ́ mi dí díẹ̀, Lavonne. Máa se tìẹ ná."

Twyla, tèmi àti tirẹ̀ ò sí rí láyé wa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dúró sáàárín ilé ìdáná. Ó wá yé mi pé tí mo bá pàdánù obìnrin yìí, kò tún sí ẹlòmíì tó máa fọwọ́ kàn mí mọ́ àfi dókítà eyín. Mo rò ó pé kí n sọ fún un. Mo tún rántí Treece, mo tún rántí ológbò àti ẹyẹ, mo sì pa ẹnu mi mọ́, torí ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá gbọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kò ní wá mọ́ rárá.

Lọ́jọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù Kẹfà, mo ń lọ fi jáàmù rẹ yẹn ránṣẹ́. Mo yà sí ojúde Hollis, mo sì bá ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé Nadine níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Orúnkún Nadine ò dáa, o mọ̀, ó sì ní káàdì tó lè fi gbé ọkọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́ gan-an. Ààyè ṣófo níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí ló dé tí ẹni tí orúnkún ń dùn máa fi ẹsẹ̀ sọdá títì? Mo wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó tẹ orí ba, mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló kọ lù ú. Lẹ́yìn náà ni mo rí èjìká tó rẹ̀ sílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tó fà sẹ́yìn, ọwọ́ tó fa ṣẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Ó wo òsì. Ó wo ọ̀tún, ojú wa sì ṣe mẹ́rin láàárín gíláàsì méjì. Ọwọ́ tèmi náà ṣì wà lábẹ́ àga.

Ó yí gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀. "Lavonne, kí lò ń wá lábẹ́ àga?"

"Yẹtí mi ló bọ́."

"O ò wọ yẹtí rí láyé ẹ."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló bọ́ lọ́wọ́ tìẹ?"

Ó ní, "Yẹtí."

Twyla, a rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní láti oṣù Kejì lòun ti ní ìbọn, lẹ́yìn tí wọ́n já àká òun, tí òun sì rí ipa bàtà ọkùnrin títí dé abẹ́ fèrèsé yàrá òun. "Treece ló kọ́ mi. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnì kankan."

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn."

"Ọkùnrin burúkú yẹn! Ọjọ́ tó o fi èjìká kọ mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni mo kọ́kọ́ gbé e wá síbẹ̀. Mo ní ó tán, ọwọ́ ẹ ti kàn án, ẹ̀rù mi ti ń bà ẹ́. Mo bá ní kí n máa jìnnà sí ẹ kó má bàa ni ẹ́ lára."

"Ẹ̀rù ẹ bà mí? Ìwọ tó ò ń sunkún nítorí ẹyẹ?"

"Ẹyẹ ò já àká mi."

Ọlọ́wọ́ òsì ni Nadine, o rántí. Ìbàdí òsì ni tirẹ̀ wà, èyí tó dojú kọ ọ̀tún mi gẹ́lẹ́ tá a bá kojú síra. Ká ní a dì mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀ ní oṣù Kẹta, irin méjèèjì ni ì bá kọ́kọ́ kíra, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán lọ́jọ́ náà. A sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ti wà nínú àpótí wọn, kò sí nǹkan kan ní ìbàdí wa. Ó ṣí apá méjèèjì, ó sì gbé mi nílẹ̀. Hollis yọ jáde tòun ti àpò oúnjẹ adìẹ léjìká. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Hollis," Nadine dá a lóhùn lórí èjìká mi. "Lọ gbé àpò ẹ."

A se tòmátì ní Sátidé náà. Ìgò kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, má jẹ́ kí Dewey rí i kó o tó tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ Àìkú, èjìká la ṣì ń fi kíra lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé àwọn tó wà lábẹ́ aṣọ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ń ṣẹ́jú sí mi, ó sì ti padà sórí àga wa. Ó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn náà ti tún ara rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, gba ìwé àṣẹ rẹ. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n mọ́ lórí kọ́kọ́rọ́ ilé òfo, ìyẹn sì tó mi. Ṣùgbọ́n kó o tó ra ṣòkòtò tó tóbi, kọ́kọ́ jókòó ro àwọn tó máa ń dì mọ́ ọ, kó o sì sọ fún wọn. Wọn ò pọ̀. Tí Treece bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Dewey, kó má tíì gun àkàbà. Bá mi kí Kendra, kó o sì fẹnu ko ọmọ náà ní imú fún mi. Nadine ní kí n kí ọ, pé o jẹ òun ní àwo tó o fi gbé ẹ̀wà lọ nígbà tó o wá kẹ́yìn. Ibí ni màá ti dánu dúró. Òní ni Ọjọ́bọ̀, á ti máa dúró dè mí lójúde Hollis. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mi ò ní ohunkóhun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, mo kàn sọdá lọ ra sítáǹbù kan kó má bàa dà bíi pé lásán ni mo wá. Òun ló wà lórí àpò lẹ́tà yìí. Tètè fèsì, kí n lè rí nǹkan dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí títí ayé,
                                        Lavonne.