Ìdí Tí Bàbá Rẹ Fi Kọ̀ Láti Fi Ẹja Sílẹ̀

                                        Í Króki 7,
                                        Fuglafjørður,
                                        Erékùṣù Fàróè.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2019.

Tóra, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Kòpẹ́nhágìn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara mi le, àfi òjò tí kò yéé rọ̀ lé wa lórí.

Mo gbọ́ pé inú ń bí ọ sí bàbá rẹ torí ó ní òun ò ní wá síbi ìrìbọmi ọmọ. Jọ̀wọ́, èmi ni kí o bínú sí. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ inú omi fún àwọn ẹja tí bàbá ń tọ́jú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kéré sí míligíráàmù méje nínú lítà omi kan, fèrè gbọ́dọ̀ dún. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, koríko òkun bo ojú ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kò rí nǹkan kan kà, nígbà tí ètò mi sì fẹ́ ṣírò ìpíndọ́gba ohun tó kà, ó fi òdo pín òdo. Ohun tó jáde kì í ṣe nọ́ńbà rárá. Bí o bá bi í pé ṣé ó kéré sí méje, á ní rárá. Ṣé ó ju méje lọ, á tún ní rárá. Fèrè kò dún, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ti ń tán nínú omi lóòótọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá rẹ tó rí i pé àwọn ẹja ń yanu lókè omi, tó sáré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò létí omi.

Ó ní, "Marjun, ẹ̀rọ rẹ yìí, ṣé odi ni àbí ọ̀lẹ?"

Ó dùn mí gan-an, torí mo ti kọ àyẹ̀wò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Àṣé ìkánjú mi ni. Nítorí kí ètò náà lè yára, mo ti sọ fún ètò tó ń túmọ̀ C, èdè tí mo fi kọ ọ́, fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà gidi nìkan ni yóò máa wọlé. Ó gbà mí gbọ́, ó sì yọ àyẹ̀wò mi dànù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló rántí?

Mo yọ àṣẹ náà kúrò. Ní báyìí, bí iye tó wọlé kì í bá ṣe nọ́ńbà, tàbí tó bá tóbi débi pé kò lópin, fèrè á dún. Láàárọ̀ òní, bàbá rẹ fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bo ojú ẹ̀rọ náà. Fèrè dún! Ó yọ ìbọ̀wọ́, fèrè dákẹ́; ó tún bò ó, fèrè tún dún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe é, ìyá arúgbó ilé kejì sì ń bú wa látojú fèrèsé.

Ó wá ní, "Èyí tí kò mọ̀, tó sì ń pariwo pé òun ò mọ̀, mo lè fi ẹja mi sílẹ̀ fún un."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀: bàbá ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú odidi itan àgùntàn gbígbẹ. Ó ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, ìbáà má ní eyín.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ti kọ́gbọ́n,
                                        Marjun.