Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Fi Sí Dilys Lẹ́nu

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Treherne,
Cardiff.
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 2019.

Menna, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé orúnkún Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ẹ kú òtútù Swansea o. Èmi ń mí, àmọ́ ara mi ò balẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún ọ.

Mo ń wo eré apanilẹ́rìn-ín tí ò ń kọ fún tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni Huw, bí ìwọ náà ṣe mọ̀ pé ìwọ ni Peg nínú èyí tí èmi ń kọ. Wo bá a ṣe ya ara wa! Dilys tèmi á sọ̀sọkúsọ sí Peg nílé ìfọṣọ wọn, Peg á dárí jì í kí omi tíì tó hó, wọ́n á pín kéèkì jẹ, ó parí. Nínú tìrẹ, Huw jí ẹja tí Idwal pa, ó sọ fún oníwèé ìròyìn pé òun lòun pa á. Idwal kò bá a jà. Ó kàn gbé àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì odò. Gbogbo Wales ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Ọ̀rẹ́ inú tèmi dùn-ún wò, tìrẹ ló jẹ́ òótọ́.

Mo kúkú rò pé mo ti bẹ̀ ọ́. Ní apá kẹrin, mo jẹ́ kí Dilys kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, kó tú gbogbo inú mi fún Peg. Mílíọ̀nù kan èèyàn ló gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ kejì, Idwal na ọwọ́ sókè láti òdìkejì odò. Mo pariwo nílé, mo ní o ti dá mi lóhùn!

Àfi bí mo ṣe pàdé Gethin àbúrò rẹ nídìí alápatà lánàá. Mo sọ fún un. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n Eirlys, agbọ́n ni Idwal ń lé! Ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ya ìyẹn. Menna kì í wo eré yín. Ó ní bí Dilys bá ti lanu, ohùn yín lòun ń gbọ́. Ẹ lọ fẹnu ara yín bẹ̀ ẹ́, ẹ jàre!”

Menna, Eirlys ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe Dilys. Eré òkú tó sín nínú pósí, ìwọ lo kọ ọ́, èmi ni mo fi orúkọ mi sí i. Mo jà ọ́ lólè. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ la ó ya apá ìkẹyìn eré mi níwájú àwọn òǹwòran. Nínú rẹ̀, Peg ti bínú lọ. Dilys bu tíì sí ife méjì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. N kò tíì lè kọ ẹni tó wọlé, àwọn òṣèré ti fẹ́ pa mí. Ọwọ́ ara mi ni mo ti fi mú Peg wọlé nígbà ogún, ìwọ kò sì wá. Mo fi àga kan sílẹ̀ fún ọ ní ìlà iwájú. Bó bá ṣófo, kí tíì yẹn tutù síbẹ̀.

Bá mi kí Màmá, àti Gethin, kó má bínú pé mo sá kúrò láìdágbére.

Èmi ni tìrẹ, láti òdìkejì odò,
Eirlys.