Ẹni Tí Kì í Kọ Pósí

Ẹ̀gbọ́n mi Glafira,

Òtútù ìlú Sverdlovsk níbí ti dé, ṣùgbọ́n ara mi yá, iṣẹ́ sì wà. Nínú fíìmù tuntun yìí, èmi ni bàbá ọ̀gá ológun. Bí wọ́n bá gbé e dé gbọ̀ngàn abúlé wa, ẹ má jẹ́ kí Màmá lọ wò ó, torí inú pósí ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn òṣèré ibí máa ń sá fún pósí, wọ́n ní ó ń pe ikú. Èmi gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún mi ní ìgò ọtí fódíkà, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, mo ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, mo ti ṣe olówó, mo ti ṣe awakọ̀ ojú irin, ní ìdùbúlẹ̀ nínú pósí ni gbogbo rẹ̀.

Lánàá, mo bẹ Rodion, olùdarí wa. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹni tó jókòó, tó ń jẹun."

Ó ní, "Arseny, ta ló máa wá máa kú fún mi?"

"Ẹlòmíì náà lè kú, sà."

"Wọ́n máa ń mí. Ìwọ kì í mí. Àbí yàrá tí ilé-iṣẹ́ fíìmù fún ẹ láti máa gbé ti sú ẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ wọ kóòtù òkú mi.

N kò ní lè wá sí ọjọ́ ìbí Màmá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa sin mí. Ohun kan ṣáá ni, láàárọ̀, kí n tó lajú, ọwọ́ mi á ti nà sókè, á máa wá ìdérí pósí. Kì í ṣe nǹkan ńlá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń rí oorun sùn dáadáa.

Àbúrò yín,
Arseny