Ìnṣọ́ránsì Ọlọ́dún Kan

Fìdítì, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 1994

Èmi àti Bàbá Bọ́lá ti lọ ṣe ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò mi ní Ọ̀yọ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Akọ̀wé ibẹ̀ bi mí bóyá ti ìrìn-àjò ẹyọ kan ni mo fẹ́, àbí ti ọdún kan gbáko, tí mo lè lọ tí mo lè bọ̀ bó ṣe wù mí. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa rìnrìn-àjò lọ́dún yìí, Mà?"

Ọ̀kan ló hàn sáyé: mò ń lọ wẹ ọmọ tí Bọ́lá bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, Ṣadé, ti lóyún ní Àbíjàn. Ó ní èmi nìkan lòun sọ fún. Ta ní í sọ̀rọ̀ oyún oṣù méjì lójú àlejò?

Mo ní, "Ti ọdún kan ni. Ìrìn-àjò kàn wù mí ni."

Bàbá Bọ́lá, tó máa ń ráhùn tí mo bá lọ Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò wí nǹkan kan. Ó yà mí lẹ́nu.

A jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Bọ́lá, tó o bá ń bọ̀ láti Àbíjàn, bá mi ra bàtà awọ."

Ṣadé yìí! Èmi nìkan kẹ̀!